Wíwá sí Ẹnu Ọ̀nà Àgọ́: Bí A Ṣe Ń Kọ Ìwé Ẹ̀bẹ̀ sí Ìjọba Ìbílẹ̀

Bíbélì Kíkà: Númérì 27:1-11, Jóṣúà 17:3-4

Ẹsẹ Àkọ́sórí: Òwe 31:9

Ète Ẹ̀kọ́: Nígbà tí a bá parí ẹ̀kọ́ yìí, kí olúkúlùkù wa lè sọ (1) iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ àti èyí tí kì í ṣe tirẹ̀, (2) bí a ṣe ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ó ní láárí, (3) ohun tí ó yẹ kí a ṣe lẹ́yìn tí a bá ti fi ìwé náà sílẹ̀.

ÌFÁÀRÀ

 

Ní gbogbo ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni a máa ń gbọ́ nígbà tí ìpàdé bá parí tí a sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wa yóò ní gọ́tà iwájú ilé òun ti dí, omi sì ti wọ yàrá. Èkejì yóò ní àkìtàn ẹ̀gbẹ́ ọjà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojú ọ̀nà tán. Ẹ̀kẹta yóò ní kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kankan tí àwọn tí ń tajà lè lò láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ máa ń parí sí ni pé, "A ti sọ ọ́ títí, ìjọba kò gbọ́."

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ta ni a sọ ọ́ fún? Ọjọ́ wo ni a sọ ọ́? Ìwé rẹ̀ dà? Bí ó bá jẹ́ pé ara wa ni a sọ ọ́ fún, nínú ọkọ̀ àti nídìí àtẹ, a kò tíì sọ ọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ gọ́tà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya ní Ìbàdàn, ó sì gbé ènìyàn tí ó ju 100 lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún pa ènìyàn tí ó ju 100 lọ ní Ìbàdàn kan náà. Òjò ni ó rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tí ó dí ojú omi àti ilé tí a kọ́ sí ipa odò wà lára ohun tí ó sọ òjò di ikú. Ibi tí omi yóò gbà kọjá ní Sábó, yálà ti Ọ̀yọ́ tàbí ti Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

1. KÍ NI ÌWÉ Ẹ̀BẸ̀?

Ní àdúgbò wa, bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan kọ pẹtíṣàn, ohun tí ó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni pé ó fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ obìnrin fi ń sá fún un. Èyíinì ni ìwé ẹ̀sùn. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí à ń sọ yìí yàtọ̀. Ìwé kan ni, tí àwọn tí ọ̀rọ̀ kan kàn kọ pa pọ̀ sí àwọn aláṣẹ, tí wọ́n ṣàlàyé ìṣòro wọn, tí wọ́n sì béèrè ohun kan pàtó. Kì í ṣe ìjà. Kì í sì í ṣe agbe. Ọmọ ìlú tí ń béèrè ohun tí ó tọ́ sí i lọ́wọ́ ẹni tí iṣẹ́ náà wà níkàáwọ́ rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ó ń lò.

2. ÀWỌN ỌMỌBÌNRIN SELOFEHADI

Ẹ jẹ́ kí a ka Númérì 27:1-11 dáadáa. Obìnrin márùn-ún ni wọ́n: Mala, Noa, Hogla, Milka àti Tirsa. Bàbá wọn kú sínú aginjù, kò bí ọmọkùnrin. Bí àṣà ìgbà náà ti rí, ilẹ̀ yóò kọjá wọn, orúkọ bàbá wọn yóò sì parẹ́. Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe.

(a) *Wọ́n jùmọ̀ wá.* Kò sí ẹni tí ó rán èkejì pé kí ó lọ jìyà nítorí òun. A sì kọ orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀.

(b) *Wọ́n wá síbi tí ó yẹ.* Ẹnu ọ̀nà àgọ́ àjọ ni wọ́n dúró sí, níwájú Mósè, Eleasari àlùfáà, àwọn olórí àti gbogbo ìjọ. Wọn kò lọ máa kùn nídìí kànga.

(d) *Wọ́n sọ òtítọ́.* Wọn kò fi ẹ̀ṣẹ̀ bàbá wọn pamọ́. Wọ́n ní ó kú nínú ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí lára ẹgbẹ́ Kora tí ó ṣọ̀tẹ̀.

(e) *Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè.* Wọ́n fẹ́ ìpín láàrin àwọn arákùnrin bàbá wọn. Ó parí.

Mósè gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ síwájú Ọlọ́run, Ọlọ́run sì dá wọn láre. Kì í ṣe pé a fún wọn ní ilẹ̀ nìkan, a fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe òfin fún gbogbo Ísírẹ́lì.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa kì í kà dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí. Ẹ ṣí Jóṣúà 17:3-4. Mósè ti kú. Jóṣúà ni ó wà lórí oyè, wọ́n sì ń pín ilẹ̀. Àwọn obìnrin márùn-ún wọ̀nyí tún dìde, wọ́n tọ Eleasari àti Jóṣúà lọ, wọ́n rán wọn létí ohun tí Olúwa ti pa láṣẹ. Ìgbà yẹn ni ilẹ̀ tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ìlérí tí alága kan ṣe, bí a kò bá rán ẹni tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ létí, ó lè bá ẹni tí ó ṣe é lọ.

3. ÀWỌN ÌYÁ TÓ ṢÁÁJÚ WA

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ayé Bíbélì nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí àwọn Kristẹni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì pọ̀ nínú wọn, ń jà pé kí a fòpin sí oko ẹrú, àwọn obìnrin kò ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 1833, a gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ kan wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London tí obìnrin 187,157 ti fọwọ́ sí. Kí oṣù Kẹjọ ọdún náà tó parí, òfin tí ó fòpin sí oko ẹrú ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ti jáde.

Ní Èkó wa níbí, ní ọdún 1940, ìjọba fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin tí owó tí ń wọlé fún un bá ju 50 pọ́n-ùn lọ lọ́dún. Alímọ́tù Pẹ̀léwúrà, ẹlẹ́ja ní ọjà Èrékò, ni ó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ọjà. Kò mọ ìwé kà. Ṣùgbọ́n òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ìtẹ̀ka ni àwọn obìnrin sì fi sí i. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ìjọba gbé iye náà kúrò ní 50 pọ́n-ùn lọ sí 200 pọ́n-ùn. Obìnrin tí owó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ lọ́jà nígbà náà.

Ní Abẹ́òkúta, olùkọ́ni ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì. Ó kó àwọn obìnrin ọjà jọ, ó kọ́ wọn ní ìwé, wọ́n sì di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta ní ọdún 1946. Wọ́n rán aṣojú, wọ́n kọ ìwé lórí owó orí obìnrin. Nígbà tí a kò dá wọn lóhùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn jáde lọ́dún 1947. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kíní ọdún 1949, Aláké fi orí oyè sílẹ̀, a sì dá owó orí obìnrin dúró. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi lépa ọ̀rọ̀ kan. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn nígbà tí ó bá rẹ̀ wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

4. ẸNU Ọ̀NÀ WO LÓ YẸ KÍ A LỌ?

Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí a bá gbé lọ sí ibi tí kò yẹ, a kàn fi bébà ṣòfò ni. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ béèrè ohun méjì.

*Èkíní: ìjọba ìbílẹ̀ wo ni ó ni wá?* Ìlú Ọ̀yọ́ wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta: Àtìbà, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ọ̀fà-Mẹ́ta, Ìlà-Oòrùn Ọ̀yọ́, ní Kosobo, àti Ìwọ̀-Oòrùn Ọ̀yọ́, ní Ojongbodu. Ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ wà lábẹ́ méjì: Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́, ní Kinnira, àti Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́, ní Arowomole. Sábó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní Àríwá, nínú wọ́ọ̀dù tí a ń pè ní Sábó/Tárà. Nígbà mìíràn, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni ààlà láàrin káńsù méjì. Bí a kò bá dá a mọ̀, kí a wo risíìtì tí àwọn agbowó káńsù ń já fún wa lọ́jà. Orúkọ káńsù wà lórí rẹ̀.

*Èkejì: ṣé iṣẹ́ káńsù ni?* Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Lára wọn ni:

- ọjà, ibùdókọ̀, ibi tí a ti ń pa ẹran àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbò;
- ojú ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà àti iná ojú pópó;
- kíkó ilẹ̀ àti ìdọ̀tí;
- itẹ́ òkú;
- fífi orúkọ ọmọ tuntun, òkú àti ìgbéyàwó sílẹ̀ nínú ìwé ìjọba;
- fífún òpópónà lórúkọ àti ilé ní nọ́ńbà;
- àbójútó ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ, ilé búrẹ́dì àti ibi tí a ti ń ta ọtí.

Káńsù tún ń bá ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ilé ìwòsàn kéékèèké àti iṣẹ́ àgbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ńlá tí ó ti Ìbàdàn gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìlọrin, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Iná mànàmáná, ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná ni a ó kọ̀wé sí. Omi ẹ̀rọ, ti ìpínlẹ̀ ni. Ọlọ́pàá, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìwé kan sí alága káńsù, ó rọrùn fún un láti ní, "Èyí kì í ṣe tèmi," kí ó sì da èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀ nù mọ́ ọn.

5. KÍKỌ ÌWÉ NÁÀ

(a) *Ẹ ṣe ìpàdé ní àdúgbò, kì í ṣe nínú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan.* Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí Sábó jẹ́. Láti inú èdè Haúsá ni orúkọ náà ti wá, Sábón Gàrì, èyí tí ó túmọ̀ sí ìlú tuntun, ibi tí a fún àwọn àlejò láti máa gbé. Títí di òní, Haúsá, Yorùbá, Ígbò àti àwọn mìíràn ni wọ́n jùmọ̀ ń gbé níbẹ̀, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́. Omi tí ó wọ ilé wa kò béèrè ṣọ́ọ̀ṣì tí à ń lọ. Bí ó bá jẹ́ orúkọ àwa Mẹ́tọ́díìsì nìkan ni ó wà lábẹ́ ìwé, àwọn aláṣẹ yóò rò pé ọ̀rọ̀ ìjọ kan ni. Ẹ pe Sẹ́ríkì, ìyálọ́jà, ẹgbẹ́ onílé àti àwọn ìyá tí wọ́n wà nínú kúlẹ̀, kí ẹni tí ó gbọ́ Haúsá sì ka ìwé náà sí wọn létí. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

(b) *Ẹ wádìí kí ẹ tó kọ.* Gọ́tà náà gùn tó mélòó? Ìgbà wo ni ó dí? Ilé mélòó ni omi wọ̀? Ilé-ẹ̀kọ́ wà nítòsí bí? Ẹ fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, ẹ ka ilé, ẹ fi fóònù ya fọ́tò. Ẹni tí ó bá kọ "ìyà ń jẹ wá gan-an" kò sọ nǹkan kan. Ẹni tí ó kọ "ilé 14 ni omi wọ̀" ti sọ ohun tí wolé-wolé lè wá fi ojú ara rẹ̀ rí.

(d) *Ẹ sọ òtítọ́ tí kò dùn.* Bí ó bá jẹ́ pé àwọn kan ní àdúgbò ni wọ́n ń da ilẹ̀ sí gọ́tà, kí ìwé sọ bẹ́ẹ̀, kí ó sì sọ ohun tí àdúgbò yóò ṣe láti dá a dúró. Báyìí ni àwọn ọmọ Selofehadi ṣe gba iyì. Aláṣẹ tí ó bá wá wo ibẹ̀ yóò rí i fúnra rẹ̀ ṣáá.

(e) *Ẹ béèrè ohun kan.* Bí ìṣòro bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ kọ ìwé mẹ́ta ní àkókò mẹ́ta.

(ẹ) *Kí ìwé má gùn ju ojú ewé kan lọ.* Ẹ lè kọ ọ́ ní Yorùbá, ṣùgbọ́n ó dára kí a so ti Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọn, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga lè ràn wá lọ́wọ́.

Àpẹẹrẹ nìyí:

> Òpópónà ................, Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́.
> Ọjọ́ ................
>
> Sí Alága, Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́, Kinnira.
> Nípasẹ̀ Káńsẹ́lọ̀, Wọ́ọ̀dù Sábó/Tárà.
>
> Ọ̀gá wa,
>
> Ẹ̀BẸ̀ FÚN KÍKÓ GỌ́TÀ ÒPÓPÓNÀ ................
>
> Àwa olùgbé òpópónà yìí, tí orúkọ wa wà nísàlẹ̀, ń fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kọ̀wé sí yín.
>
> Láti oṣù ........ ni gọ́tà òpópónà yìí ti dí láti ........ títí dé ......... Ní ọjọ́ ........, omi wọ ilé ........, ó sì ba ọjà àti ẹrù jẹ́. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń gba inú omi náà kọjá.
>
> A bẹ̀ yín pé kí ẹ rán àwọn òṣìṣẹ́ wá kó gọ́tà náà kí oṣù ........ tó parí. Ní tiwa, a ti fẹnu kò pé kò sí ẹni tí yóò da ilẹ̀ sí i mọ́, a ó sì máa gbá iwájú ilé wa ní gbogbo Sátidé.
>
> A so fọ́tò mẹ́rin àti orúkọ olùgbé ........ mọ́ ìwé yìí. Ẹ lè fi èsì ránṣẹ́ sí ................ (fóònù ................).
>
> Àwa ni tiyín,
> ................ (Alága)  ................ (Akọ̀wé)

(f) *Orúkọ àti ìtẹ̀ka.* Ẹ la bébà sí ọ̀nà mẹ́rin: orúkọ, nọ́ńbà ilé, fóònù, ìfọwọ́sí tàbí ìtẹ̀ka. Kí a kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ náà sókè gbogbo ojú ewé tí orúkọ wà, kí ẹnikẹ́ni má baà yọ ọ́ kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé mìíràn. Ìyá tí kò mọ ìwé kọ, kí a kà á sí i létí ná, kí ó tó tẹ̀ka. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ sí i fún ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Èkó. Orúkọ irọ́ kan ṣoṣo lè ba ogójì òtítọ́ jẹ́, Ọlọ́run sì kórìíra ẹ̀rí èké.

6. FÍFI Í SÍLẸ̀ ÀTI LÍLÉPA RẸ̀

Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta ó kéré tán: ọ̀kan fún alága, ọ̀kan fún káńsẹ́lọ̀, ọ̀kan fún wa. Kí ẹni mẹ́ta tàbí márùn-ún gbé e lọ lọ́jọ́ iṣẹ́, ní òwúrọ̀. Kí wọ́n fi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì tí a ti ń gba ìwé wọlé, kì í ṣe lọ́wọ́ dírẹ́bà tàbí ọmọ ẹ̀yìn olóṣèlú. Kí wọ́n bẹ akọ̀wé ibẹ̀ pé kí ó lu òǹtẹ̀ káńsù àti ọjọ́ mọ́ ẹ̀dà tiwa. Ẹ̀dà tí ó ní òǹtẹ̀ yìí ni agbára wa. Láìsí i, ẹnikẹ́ni lè sọ pé kò sí ìwé tí ó dé ọwọ́ òun. Bí ẹnì kan bá béèrè owó, kí a fi sùúrù béèrè risíìtì ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà lọ béèrè. Bí kò bá sí èsì, ẹ kọ ìwé ìránnilétí kúkúrú, kí ẹ so ẹ̀dà ti àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ó máa kọ ọ́ sí: ọjọ́ tí a lọ, ẹni tí a bá, ohun tí ó sọ. Bí alága bá yí padà, ẹ gbé e tọ alága tuntun lọ, gẹ́gẹ́ bí Mala àti àwọn àbúrò rẹ̀ ti tọ Jóṣúà lọ.

Òfin wà lẹ́yìn wa pẹ̀lú. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni láyè láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba, bí àpẹẹrẹ, iye tí a yà sọ́tọ̀ fún gọ́tà, láìsọ ìdí tí ó fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un nígbà tí ìdí bá wà. Ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn. Bí ó bá sì fi ẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ ọ́ di mímọ̀ pé òfin yìí de ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Ilé-ẹjọ́ yìí kan náà dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí aráàlú dìbò yàn. Ẹ ṣàkíyèsí pé èsì ìbéèrè ni ọjọ́ méje wà fún o, kì í ṣe àtúnṣe gọ́tà.

Bí gbogbo èyí kò bá so èso, Ìgbìmọ̀ Tí Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn Aráàlú wà, èyí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1975. Ó ní ọ́fíìsì ní Ìbàdàn. Kì í gba owó. Ẹ̀dà tí ó ní òǹtẹ̀ àti ìwé tí a kọ ọjọ́ sí ni ẹ ó kó lọ.

7. ÌKÌLỌ̀

Àwọn kan nínú wa ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá fọwọ́ sí ìwé, a ó gba ìsọ̀ lọ́wọ́ àwọn, tàbí a ó pe àwọn ní ọ̀tá ìjọba. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ẹ̀rù lásán, ẹ má sì fi ṣe ẹni tí ó bá ń bà yẹ̀yẹ́. Ìdí nìyí tí orúkọ fi gbọ́dọ̀ pọ̀, nítorí àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Kí ọ̀rọ̀ inú ìwé jẹ́ pẹ̀lẹ́, kí ó má sí èébú, kí a má fi ẹ̀sùn olè kan ẹnikẹ́ni tí a kò ní ẹ̀rí rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún olóṣèlú tí yóò ní òun yóò bá wa gbé e lọ, tí yóò sì fi ṣe ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ má lo bébà tí orúkọ ìjọ wà lórí rẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mínísítà wa. Bí káńsù bá sì ṣe ohun tí a béèrè, ẹ kọ ìwé ọpẹ́. Nínú adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá tí Jésù wò sàn, ẹnì kan ni ó padà wá dúpẹ́. Káńsù tí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò mọ̀ pé a ń wò ó.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ohun mẹ́rin wo ni àwọn ọmọbìnrin Selofehadi ṣe tí a lè fi ṣe àwòkọ́ṣe? Kí ni wọ́n tún ṣe nínú Jóṣúà 17?
2. Nínú ìṣòro wọ̀nyí, èwo ni ti káńsù: àkìtàn ọjà, iná tí kò wá, ihò ojú ọ̀nà Ìlọrin, itẹ́ òkú, omi ẹ̀rọ?
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ìwé ẹ̀sùn?
4. Kí ni Lúùkù 18:1-8 kọ́ wa nípa lílépa ọ̀rọ̀?
5. Àwọn wo ní àdúgbò wa ni a máa ń gbàgbé nígbà tí a bá ń kó orúkọ jọ?

IṢẸ́ ṢÍṢE

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ìṣòro kan ṣoṣo ní àdúgbò wọn, kí wọ́n wádìí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n sì kọ ìwé rẹ̀ kí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀ tó dé. Kí akọ̀wé mú ẹ̀dà tí ó ní òǹtẹ̀ wá sí ìpàdé.

ÀDÚRÀ

Olúwa, ìwọ tí o gbọ́ ẹjọ́ àwọn ọmọbìnrin tí kò ní bàbá, fún wa ní ahọ́n òtítọ́ àti ọkàn sùúrù. Rántí àwọn tí ń ṣe ìjọba lórí wa, kí wọ́n lè ṣe é pẹ̀lú ìbẹ̀rù rẹ. Má ṣe jẹ́ kí omi gbé ọmọ wa, má sì jẹ́ kí a dákẹ́ nígbà tí ó yẹ kí a sọ̀rọ̀. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.